ỌMỌDÉBÌNRIN TÓ TA ÀWO MÍLÍỌ̀NÙ KAN
Bí Sàláwà Àbẹ̀ní ṣe sọ wákà di ìwé ìròyìn ará oko

Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976. Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí ìjọba Nàìjíríà, wà nínú mọ́tò rẹ̀ ní Ìkòyí l'Ékòó, ó ń lọ síbi iṣẹ́, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ sì dá a dúró. Ibẹ̀ ni àwọn ṣọ́jà tó wà lẹ́yìn Dimka ti ká a mọ́. Wọ́n da ìbọn bò ó, ó sì kú sínú mọ́tò. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló tíì pé tí ìjọba rẹ̀ kéde Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní ọjọ́ 3 oṣù náà. Àwọn ará oko Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi orúkọ ìpínlẹ̀ tuntun kọ́nu ni, wọn kò tíì mọ̀ ọ́n pè tán, wọ́n ní ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ ti kú.

Ẹni tó ní rédíò gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó lọ sí Dùgbẹ̀ rí i lójú ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n ìyá tó jókòó ti agbada gàrí lẹ́yìn Àkànràn, tí kò mọ̀wé, tí bátìrì rédíò ọkọ rẹ̀ sì ti kú láti oṣù tó kọjá, ta ni yóò jókòó tì í, tí yóò máa ro ọ̀rọ̀ náà fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí yóò sì bá a dárò rẹ̀? Rẹ́kọ́ọ̀dù ni. Ohùn tó sì wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù náà, ohùn ọmọdébìnrin ni.

ỌMỌ ÌJẸ̀BÚ, ỌMỌ ETÍ OMI

Sàláwà Àbẹ̀ní ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 1961 ni wọ́n bí i. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, láti agbègbè etí omi. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ bá a ṣírò rẹ̀: lọ́jọ́ tí wọ́n pa Murtala, kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń kiri ẹ̀kọ, àwọn mìíràn wà lẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ níbi tí ọ̀gá wọn ti ń rán wọn lọ pọn omi.

Nínú ọdún 1976 yẹn náà ni Leader Records, ilé iṣẹ́ Alhaji Lateef Adépọ̀jù, gbé rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Orúkọ tí wọ́n kọ sí i lójú ni Late General Murtala Ramat Mohammed. Àkọlé òyìnbó, orin Yorùbá. Ariwo ta! Àwo náà tà kọjá mílíọ̀nù kan. Wọ́n ní kò sí obìnrin olórin kan ní Nàìjíríà tó tíì tà tó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀.

Mílíọ̀nù kan àwo, ẹ má rò pé mílíọ̀nù kan ènìyàn ló gbọ́ ọ. Lóko, àwo kan kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni tó bá rí owó kòkó gbà ló ń ra ṣéńjà, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo, tó sì ń ra bátìrì sí i. Bó bá ti gbé e síta lálẹ́, ilé rẹ̀ ti di gbọ̀ngàn nìyẹn. Àwọn ọmọdé á jókòó sílẹ̀, àwọn ìyá á gbé ẹ̀gúsí wọn wá, wọn á máa bó o bí wọ́n ṣe ń gbọ́. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ ní abúlé kejì, wọ́n á wá yá ṣéńjà, wọ́n á sì yá àwo mọ́ ọn. Ìgbà mìíràn, àwo á lọ, kò ní í bọ̀ mọ́, ìjà á dé.

Ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ kọrin náà kò sì tíì fi ọwọ́ ọjà sílẹ̀ títí dòní. Ẹ yọ náírà 20 nínú àpò yín kí ẹ wò ó: àwòrán Murtala ló wà lára rẹ̀ láti ọdún 1977.

WÁKÀ TI WÀ KÍ SÀLÁWÀ TÓ DÉ

Ọmọdé ló kọrin, ṣùgbọ́n àgbà lorin. Láti ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni orúkọ rẹ̀ ti wá. "Orin" ni wákà túmọ̀ sí lédè wọn. Àwọn obìnrin Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ló gbà á, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Wọ́n ń kọ ọ́ níbi wàlímà, níbi ìgbéyàwó, níbi ìsọmọlórúkọ, àti nígbà tí wọ́n bá ń lọ pàdé ẹni tó ti Mẹ́kà bọ̀. Láyé àtijọ́, àtẹ́wọ́ àti àwo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n so ṣaworo mọ́ létí ti tó wọn. Ẹnì kan á lé orin, àwọn yòókù á gbè é. Ẹyin tí ẹ ti bá wọn gbé ìyàwó ní Lálúpọn tàbí ní Ìjàyè mọ bó ṣe máa ń rí: kò sí ẹni tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, oúnjẹ àti àdúrà lowó wọn.

Alhaja Bátílè Àlàkẹ́, obìnrin Ìjẹ̀bú, ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbé wákà sínú àwo. Òun ló mú orin náà kúrò ní àgbàlá àwọn ìyàwó ilé, tó fi ìlù sí i, tó gbé e lọ síta níbi tí ọlọ́lá ti ń náwó. Ọdún 2013 ni ó kú. Bí àwọn ènìyàn bá ń pe Sàláwà ní ìyá wákà, kí wọ́n rántí pé ẹnì kan ti ṣán ọ̀nà yẹn kó tó rìn ín. Sàláwà kò fi ìyẹn pamọ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ kejì, tó jáde nínú ọdún 1976 yẹn kan náà, Ìbà Ọmọdé Ìbà Àgbà ló pè é. Ọmọ tó ti ta mílíọ̀nù kan, tó tún padà wá júbà tọmọdé tàgbà, ilé ló ti kọ́ ẹ̀kọ́.

BÍ OHÙN ṢE ŃWỌ ÀWO

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó jẹ́ kí orin gígùn bí ti wákà lè wọ inú àwo, nítorí kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ohùn sílẹ̀, kò sí iná mànàmáná nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Olórin á dúró síwájú ohun kan tó rí bí ìwo ńlá, á pariwo sínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ á máa ha ohùn rẹ̀ sára ìda. Obìnrin ará Faransé kan wà tó ń jẹ́ Emma Calvé, olórin opera, ìyẹn eré orí ìtàgé tó jẹ́ pé orin ni wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, bí Ògúndé ṣe máa ń ṣe níbẹ̀rẹ̀. Ohùn obìnrin yìí máa ń lọ sókè fíofío, gbogbo Yúróòpù ló mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1902, ní London, òun náà dúró síwájú ìwo yẹn. Gbogbo òkìkí rẹ̀, ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta ni àwo lè gbà nínú rẹ̀.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1922, Ẹni-ọ̀wọ̀ J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, wà ní London, ó sì kọ orin Yorùbá tó lé ní 40 sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Orin ìjọ Ọlọ́run ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta yẹn kan náà ni. Bí ẹni tó ń kíni bá bẹ̀rẹ̀ oríkì, kó tó dé orí bàbá ẹni, àwo ti tán.

Ẹlípíì ló tú wákà sílẹ̀. Àwo ńlá tó ń yí nígbà 33 ní ìṣẹ́jú kan, tí ojú rẹ̀ kan lè gbà tó ogún ìṣẹ́jú. Olórin lè wá jókòó, kó júbà, kó ro ẹjọ́, kó kìlọ̀, kó ki àwọn tó náwó fún un, kó tún padà sórí ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni já a lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ikú Murtala kò lè wọ ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Pé kí wọ́n kọrin òkú kí ó sì tà, ìyẹn náà kì í ṣe tuntun. Hárúnà Ìṣọ̀lá, bàbá àpàlà, kọrin nípa Orímolúṣì Ìjẹ̀bú-Igbó, Ọba Adébóyè, ní ọdún 1948 fún ilé iṣẹ́ HMV. Kò tà. Nígbà tí ọba náà wàjà ní 1955, Hárúnà tún orin náà kọ, ó fi ọ̀rọ̀ ikú sí i, ibẹ̀ ni ìràwọ̀ rẹ̀ ti yọ. Yorùbá kì í gbàgbé ẹni tó bá wọn sunkún. Nígbà tí Hárúnà fúnra rẹ̀ wá kú ní ọdún 1983, tí rẹ́kọ́ọ̀dù ìdárò jáde fún un ní 1985, Adieu Alhaji Haruna Ishola, Sàláwà náà ló kọ ọ́.

ẸNI TÍ KÒ KÀWÉ GBỌ́ ÀWO

Bí wọ́n bá to orúkọ àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tí Sàláwà ṣe ní Leader láàárín 1976 sí 1985 sílẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá to ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn ọdún mẹ́wàá ni. Ní 1977, Shooting Stars. Ta ni kò mọ̀ wọ́n n'Íbàdàn? Ìparí ọdún 1976 ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù IICC Shooting Stars lu Tonnerre ti Yaoundé, ní Kamẹrúùnù, tí wọ́n gba ife àwọn tó gba ife ní ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó ti gba irú ife bẹ́ẹ̀ rí. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, Múdà Lawal, Best Ogedegbe tó ń ṣọ́lé, orúkọ wọn dé inú oko tí kò sí pápá bọ́ọ̀lù. Ìyá àgbà tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní gólù mọ̀ pé ọmọ Ìbàdàn ti ṣẹ́gun níbì kan lókè òkun.

Ní 1978, Ìjàm̀bá Mọ́tò. Ẹni tó ń wọ bọ́léká-jà láti Ìròkò wá sí Ọ̀jọ́ọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kò nílò àlàyé. Ní 1980, Ìròyìn Mẹ́kà.

Ní 1980 kan náà, Omi Yalé.

Ọdún yẹn, gbogbo ẹni tó bá ti dàgbà n'Íbàdàn àti ní gbogbo oko tó yí i ká, kò ní í gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ. Odò Ògùnpa ni, tó gba àárín ìlú kọjá. Òjò rọ̀, ó rọ̀, kò dáwọ́ dúró. Odò tí àwọn ènìyàn ti ń da ìdọ̀tí sí, tí wọ́n ti ń kọ́lé sí létí, kò rí ọ̀nà gbà mọ́, ó bá bọ́ sínú ilé. Ó gbé mọ́tò bí ẹni gbé igbá. Ó wó afárá. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó kó ọjà, ó kó olówó ọjà pẹ̀lú. Òkú tí wọ́n rí lé ní igba. Àwọn obìnrin oko tó ń kó ẹ̀fọ́ àti iṣu wọ ìlú láti Lágelú àti Ẹgbẹ́dá, òmíràn nínú wọn dé ọjà ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kò bá oníbàárà rẹ̀ mọ́. Òmíràn ti tajà láwìn, ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ti bá omi lọ, ta ló fẹ́ bi léèrè owó? Kì í ṣe ìwé ìròyìn nìkan ló gbé orúkọ irú àjálù bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Orúkọ yẹn, Omi Yalé, ojú àwo ni ó wà, nínú ilé àwọn tí kì í ra ìwé ìròyìn.

Ìjà Ò Dára jáde ní 1981, Ìkìlọ̀ náà jáde ní 1981. Àwọn tó rántí bí òṣèlú ṣe rí lásìkò yẹn, pàápàá bó ṣe wá parí sí ní 1983, á sọ pé ìkìlọ̀ náà kò tíì tó.

KÒKÓ ẸNI LÓRÍ ILẸ̀ ONÍLẸ̀

Ọdún 1986 ni Sàláwà kúrò ní Leader. Ó lọ sí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Alhaji Kollington Àyìnlá, ọ̀gá onífújì, ó sì fẹ́ ẹ. Indian Waka àti Ìfẹ́ Dára Púpọ̀ jáde lọ́dún náà. Títí di 1994 ló fi wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kíkúrò yìí kò yé ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ orin. Wọ́n rò pé bí olórin bá kó ẹrù rẹ̀, á kó orin rẹ̀ mọ́ ọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin àgbẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé. Ẹni tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, tó gbin kòkó sí i, ọwọ́ rẹ̀ ló fi gbìn ín, òógùn rẹ̀ ló fi bomi rin ín. Ọjọ́ tó bá ní òun ń lọ, kò lè hú igi kòkó dì sórí. Nínú iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù láyé ìgbà yẹn, ẹni tó sanwó ilé ìgbohùnsílẹ̀, tó sanwó ẹ̀rọ tó ń tẹ àwo, òun ló sábà máa ń ni téèpù tí wọ́n ti tẹ àwo jáde. Ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn ni olórin yóò gbà, bó bá ka ìwé náà kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, tàbí bó bá tilẹ̀ rí ẹni kà á fún un. Ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ẹjọ́. Ọmọdé tó ń kọrin láti kékeré, ta ló ń bá a wo ìwé? Ìbéèrè yìí tóbi ju olórin kan tàbí ilé iṣẹ́ kan lọ. Gbogbo ìyá tí ọmọ rẹ̀ lóhùn lónìí ló yẹ kó máa bi ara rẹ̀.

Orin náà yí padà díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn 1986. Kí á sọ òótọ́, ohùn Sàláwà tún dùn sí i, ó ti dàgbà, ó ti mọ ibi tó yẹ kó dẹ̀ ẹ́ sí. Ìlù pẹ̀lú ti gbóná bíi ti fújì. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn orúkọ: I Love You ní 1988, Candle ní 1990, Experience ní 1991, Cheer Up ní 1992. Ta ló ń tan kándù ní Ẹrúnmu? Àtùpà ni wọ́n ń tàn. Ará ìlú ńlá ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, àwọn tó ń jó ní òde àríyá. Ará oko ṣì jó o, ó dùn mọ́ wọn, àmọ́ ìròyìn inú rẹ̀ ti dín kù. Ìléyá Special ti 1988 nìkan ló dà bíi pé ó rántí ilé.

Ní 1992, Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Làmídì Adéyẹmí kẹta, fi í joyè Queen of Waka Music, ọbabìnrin wákà. Ọmọ Ìjẹ̀bú, adé rẹ̀ wá láti Ọ̀yọ́. Ìgbà mìíràn wà tí àwọn ìyá wa á máa sọ fún ọmọbìnrin pé iṣẹ́ orin kò lérè, kó wá nǹkan gidi ṣe. Látọjọ́ yẹn, ẹnu wọn dínkù díẹ̀.

ÀWO NÁÀ DÀ?

Kásẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ lé àwo kúrò nílé. Ó kéré, ó fúyẹ́, awakọ̀ lè gbọ́ ọ nínú mọ́tò, èyí tó burú jù ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ méjì lè dà á kọ. Àwọn tó ń da orin olórin kọ rówó ju olórin lọ. Ìjọba ṣe òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ní 1988 láti dá wọn lẹ́kun, ọjà kò gbọ́. Lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, sídì. Lónìí, fóònù ni. Ní Mọníyà tàbí Ìyànà-Ọ̀fà, ọmọkùnrin tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà á gba owó díẹ̀, á kó ọgọ́rùn-ún orin sínú mẹ́mórì fún yín. Bí ẹ bá bi í pé ọdún wo ni orin yìí jáde, tàbí ta ló ni ín, á kàn wò yín. Orí àwo ni wọ́n kọ ìyẹn sí, òun kò sì rí àwo rí láyé rẹ̀.

Àwọn àwo ọdún 1976 sí 1985 yẹn ṣì wà. Wọ́n wà lábẹ́ ibùsùn, lórí àjà níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irúgbìn àgbàdo, nínú àpótí tí bàbá kú fi sílẹ̀. Àwọn kan ti fi bo ìkòkò omi. Oòrùn ti jẹ́ kí òmíràn ká bí ewé. Ẹni tó bá ní i, kó má ṣe dùbúlẹ̀ rẹ̀ léra wọn. Kó nà án ró bí ìwé inú àpótí, kúrò lójú oòrùn àti ìdí ààrò. Aṣọ rírọ̀ ni kó fi nù ún, kó máa tẹ̀ lé ìlà tó yí i ká, kó má fi gígé sí i. Kó má sì ju páálí rẹ̀ nù, nítorí ara páálí ni orúkọ àti nọ́ńbà wà.

Ẹni tó bá ní Shooting Stars ti 1977 tàbí Omi Yalé ti 1980 nílé rẹ̀, yálà ní Akínyẹlé ni o, Lágelú, Ẹgbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà, kó kọ lẹ́tà sí ojú ewé àwọn òǹkàwé, kó sọ ẹni tó rà á, iye tó rà á, àti ilé tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kó bẹ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́.